Abọ́ Kì í Bínú

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kékeré kan tó jẹ́ pé ata lílọ̀ ni ó fi ń bọ́ ilé rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó lọ sódò, Bàbá Ẹlẹ́rọ sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe fáàrí láwùjọ. Síbẹ̀, kò sí ọbẹ̀ tó ń hó ní àdúgbò náà tí kò kọ́kọ́ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, àti ọbẹ̀ olówó àti ọbẹ̀ tálákà.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó fẹ́ tú u sílẹ̀, tí wọ́n ti gbàdúrà tán, tí àwọn àlejò ti ń jẹun, ó fà á lọ sẹ́yìn ilé, ó sì sọ ohun kan ṣoṣo fún un. Ó ní, “Máa tan ẹ̀rọ rẹ ní kùtù, abọ́ ì báà wà níwájú rẹ, abọ́ ì báà má sí. Bu omi sí i, kí ó máa ké. Ohùn ẹ̀rọ ni àwọn ènìyàn ń gbọ́ kí wọ́n tó gbé abọ́.”

Ọkùnrin náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Kí adìyẹ tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi, ó ti dé ṣọ́ọ̀bù, ó ti fi irin yí ẹ̀rọ títí ó fi dáhùn. Omi á máa ṣàn jáde lẹ́nu rẹ̀, ohùn rẹ̀ á máa lọ láti agboolé dé agboolé. Àwọn obìnrin tó ṣì wà lórí ẹní á sọ pé Bàbá Ẹlẹ́rọ ti jí, wọ́n á sì dìde lọ ṣa ata wọn.

Àṣà kan wà nídìí ìlọta tí ẹni tó bá dàgbà sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ mọ̀ dáadáa. Kì í ṣe ènìyàn ló ń tò níbẹ̀, abọ́ ló ń tò. Obìnrin á gbé abọ́ ata rẹ̀ dé, á gbé e sórí pákó gígùn tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn abọ́ tó bá níbẹ̀, á sì padà sílé lọ wẹ ọmọ, lọ gbálẹ̀, lọ dáná. Abọ́ yẹn ti di òun. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé tirẹ̀ kọjá abọ́ ẹlòmíràn, bí onítọ̀hún ò tilẹ̀ sí nítòsí. Kálukú ní àmì tó fi ń mọ tirẹ̀. Ẹnì kan so okùn mọ́ etí abọ́, ọ̀dà ti ẹlòmíràn ti bó nídìí, ẹlòmíràn ń fi ìdérí ìkòkò bo tirẹ̀. Bàbá Ẹlẹ́rọ mọ gbogbo wọn. Bí abọ́ ìyá arúgbó tó ń gbé nídìí ọsàn bá dé, ó mọ̀ pé ata náà gbọ́dọ̀ kúnná gan-an, nítorí eyín ò sí lẹ́nu ìyá náà mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ náà ní abọ́. Mọ́ínmọ́ín ni obìnrin náà ń sè tà fún àwọn mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn iléèwé, nítorí náà ẹ̀wà ló ń gbé wá, kì í ṣe ata. Abọ́ tánganran aláwọ̀ búlúù ni. Ọkọ rẹ̀ ló rà á fún un ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ dé, tí inú wọn ń dùn. Nígbà tí ó kun ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ní ọ̀dà pupa tí ọ̀dà díẹ̀ ṣẹ́ kù, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó sì tẹ àmì kan sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ náà. Ó ní kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé abọ́ ilé ẹlẹ́rọ nìyí. Láràárọ̀, ẹ̀wà yẹn ló ń kọ́kọ́ lọ̀, nígbà tí ẹ̀rọ ṣì mọ́, tí ata ẹnikẹ́ni ò tíì kàn án. Kò sí obìnrin tó bínú sí i. Ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀wà ló yẹ kó ṣáájú ata?

Báyìí ni nǹkan ṣe ń lọ. Ìlà abọ́ ń gùn sí i. Ìlà abọ́ yẹn gan-an ló wá ba ọkùnrin náà jẹ́.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ó sùn gbàgbé lọ́jọ́ kan. Kí ó tó dé ṣọ́ọ̀bù, oòrùn ti ń jó ilẹ̀. Bí ó ṣe ń lọ, ó ti ń to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu. Ìgbà tí ó débẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni. Abọ́ ló bá, wọ́n tò sórí pákó ní dídákẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n ń dúró dè é. Kò sí èyí tó pariwo mọ́ ọn. Inú rẹ̀ dùn, níbi tó ti yẹ kí ẹ̀rù bà á.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí yà síbi tí wọ́n ti ń ta ayò lábẹ́ igi ìyeyè kí ó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà míràn kò ní dé ṣọ́ọ̀bù náà rárá. Ó fi omi tí ó ń bù sẹ́nu ẹ̀rọ ní kùtù sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ó ní epo ti wọ́n, kò sì rí ìdí tí òun á fi máa jó epo fún afẹ́fẹ́. Bí ẹnì kan nídìí ayò bá rán an létí pé abọ́ ti tò dé ojú títì, á rẹ́rìn-ín, á tún ọmọ ayò gbọ̀n lọ́wọ́. Á ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Abọ́ kì í bínú.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ débi pé òun ni wọ́n fi ń kí i.

Má rò pé ọ̀lẹ ni. Ìbá jẹ́ ọ̀lẹ, òun fúnra rẹ̀ ì bá mọ ohun tó ń ṣe òun. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá wù ú, á bọ́ ẹ̀wù sọnù, á lọ ata bí ẹni tí wọ́n ń lé, kò ní jẹun, kò ní jókòó, títí abọ́ tó kẹ́yìn á fi kúrò lórí pákó. Tí ó bá délé, á na ẹsẹ̀, á sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kò sí ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ tó òun ní gbogbo ìlú yìí. Kò parọ́. Ọ̀la ọjọ́ yẹn ńkọ́? Ọ̀la, ẹ̀yìn ń dùn ún. Ọ̀tunla, òjò ṣú. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ara rẹ̀ kàn ṣá ò yá. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ ìgbà tí yóò wá àti ìgbà tí kò ní wá. Bẹ́ẹ̀ ni ata tí wọ́n ti fọ̀ kò ní sùúrù. Tòmátì á kan nínú abọ́, eṣinṣin á bò ó, ọmọ tó ń lọ síléèwé á sì lọ láìjẹun.

Abọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí dín lórí pákó. Kò rí i. Tàbí kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí: ó rí i, ó sì ní ata ló wọ́n lọ́jà.

Ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ ń jí i. Ní ìdájí, á fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́, á ní, “Bàbá Mosún, ilẹ̀ ti ń mọ́ o.” Mosún ni orúkọ àkọ́bí wọn. Á dáhùn pé òun ń bọ̀, á sì yí ojú sí ògiri. Nígbà míràn, ẹ̀wà tí obìnrin náà ti rẹ, tí ó ti jókòó bó ní eèpo títí ọwọ́ rẹ̀ fi hun jọ, á bẹ̀rẹ̀ sí yọ ìfófòó nínú abọ́ búlúù yẹn, á sì kan. Á gbé e lọ dà nù sí ẹ̀yìnkùlé. Ó sunkún lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn èyí, kò sunkún mọ́, kò sì jí i mọ́.

Ọkùnrin náà rò pé ìyá Mosún ti gba kádàrá. Kò bi ara rẹ̀ léèrè bí mọ́ínmọ́ín ṣe ń wà lórí iná ní ọjọ́ tí òun ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á gbé tirẹ̀ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ, á jẹ ẹ́, á sì fọwọ́ nu ẹnu. Ohun kan ṣoṣo tó kíyè sí ni pé mọ́ínmọ́ín náà ń ta lẹ́nu ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ní kí wọ́n dín ata rẹ̀ kù. Obìnrin náà ní òun ti gbọ́.

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, ọkùnrin yìí jí fúnra rẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n ń lọ ata bí ọjọ́ náà láàárín ọdún. Àwọn ọdún tó ti kọjá, abọ́ ń tò kọjá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí ti aránṣọ, tòun ti bàsíà àti garawa. Ó ti pinnu pé òun á fi iṣẹ́ ọjọ́ kan yìí tún gbogbo nǹkan ṣe. Ẹní tí ìyàwó rẹ̀ ń sùn lé ti ṣófo, ó rò pé ó ti lọ pọnmi. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo lérí, ó sì forí lé ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ojú ọ̀run ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là.

Ewúrẹ́ kan ló bá lórí pákó, ó dùbúlẹ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. Abọ́ kankan ò sí.

Ó lé ewúrẹ́, ó fi aṣọ nu pákó, ó jókòó. Ó ní wọ́n ń bọ̀. Kò tan ẹ̀rọ, nítorí kò sí ohun tí yóò lọ̀. Ilẹ̀ mọ́ kedere. Obìnrin méjì kọjá, wọ́n kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọn ò dúró. Ara bẹ̀rẹ̀ sí fu ú. Ó ní bóyá ẹnì kan ló kú nílùú, tí wọn ò sọ fún òun. Ó dìde láti lọ wádìí, ibi tí ó dé lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí ni ó ti gbọ́ ohùn ẹ̀rọ.

Ó mọ ẹ̀rọ náà. Opó kan ló ni ín, ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló fi í sílẹ̀ fún un. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni, kì í lọ ata kúnná, ó sì máa ń ké bí ẹni tó ń wúkọ́. Bàbá Ẹlẹ́rọ ti fi í ṣẹ̀fẹ̀ nídìí ayò láìmọye ìgbà. Ó yà sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ó sì rí ìlà abọ́.

Kò sí èyí tí kò mọ̀ nínú wọn. Ó rí abọ́ tí wọ́n so okùn mọ́ létí. Ó rí èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó nídìí, ó rí ìdérí ìkòkò lórí èkejì rẹ̀. Abọ́ àdúgbò tirẹ̀ ni gbogbo wọn, wọ́n tò níwájú ilẹ̀kùn ẹlòmíràn. Àwọn obìnrin tó dúró níbẹ̀ rí i. Wọ́n kúnlẹ̀ kí i, wọ́n ní ó kú àárọ̀, wọ́n ní ó kú iyèdún. Ìyá arúgbó ìdí ọsàn náà wà níbẹ̀. Ó rọra ta etí aṣọ rẹ̀ bo abọ́ ata tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ọkùnrin náà má baà rí i. Ká ní ìyá náà bú u ni, ì bá rọrùn fún un ju aṣọ yẹn lọ. Ojú ń ti ìyá náà fún un.

Ìdúró ò sí, ìbẹ̀rẹ̀ ò sí fún ẹni tó gbé odó mì. Ó fẹ́ yí padà, ó sì rò pé wọ́n á sọ pé ó sá. Ibi tí ó ti ń wá ibi tí yóò gbé ojú sí ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sí ìparí ìlà. Abọ́ tánganran búlúù kan wà níbẹ̀, lẹ́yìn gbogbo wọn, àmì ìka pupa kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìka tirẹ̀ ni. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi wé e.

Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó jókòó sórí àpáta kékeré kan, ó ń nu ewé tí yóò fi pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ìtìjú fẹ́ di ìbínú nínú ọkùnrin náà, nítorí ìbínú rọrùn fún ọkùnrin láti gbé jáde ju ìtìjú lọ. Ó bi í pé ṣé ibi tí ó ń gbé orúkọ òun wá nìyí, kí ó sì tún wá fi í sí ìdí ìlà.

Opó náà ló dáhùn. Ó ti pa ẹ̀rọ, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ìyá Mosún ló ń kọ́kọ́ dé ibí láràárọ̀. Àwọn fúnra wọn ló ń ní kí n máa fi tàwọn sẹ́yìn, pé bóyá a máa gbọ́ ẹ̀rọ yín. Wọ́n ní bí a bá ti gbọ́ ọ, kí n dá ẹ̀wà àwọn padà fún àwọn.”

Ó wá yé e. Ata tó ń ta á lẹ́nu láti ọjọ́ yìí wá, ata ìdílé gbogbo ni, èyí tó ṣẹ́ kù sínú ẹ̀rọ lẹ́yìn tí abọ́ gbogbo ènìyàn ti lọ tán. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ kí gbogbo ìlú kọjá níwájú òun, ó ń tẹ́tí sí ọ̀nà odò. Ẹni tí ó ń dúró dè wà lórí ẹní, ojú rẹ̀ kọ ògiri.

“Mo ti ṣí lónìí,” ni ó wí. Kò mọ̀ pé òun ti ń sọ ọ́ bí ẹ̀bẹ̀. “Láti ìdájí ni mo ti jókòó síbẹ̀.”

Ìyàwó rẹ̀ gbé ojú sókè wò ó. Kò bínú. Bóyá ìyẹn ló dùn ún jù. Ó ní, “Mo tẹ́tí títí, Bàbá Mosún. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.”

Kẹ́ẹ̀gì epo wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó kún dẹ́nu. Ó ti jókòó tì í láti ìdájí, ó ń dúró kí abọ́ wá pe ẹ̀rọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń pe abọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ sọ sí i lọ́kàn, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú òórùn ọbẹ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ikú kì í wá nígbà tí a bá ń fẹ́ ẹ báyẹn. Ó ní kí wọ́n kú iṣẹ́, ó sì yí padà.

Ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó tan ẹ̀rọ, ó bu omi sí i. Ẹ̀rọ ń ké, omi ń ṣàn, pákó ṣófo. Àwọn tó ń kọjá wò ó, àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín pé omi ni Bàbá Ẹlẹ́rọ ń lọ̀. Àwọn tó ń tayò pàápàá ti gbọ́, ẹnì kan sì kígbe láti abẹ́ ìyeyè pé abọ́ kì í bínú. Ọkùnrin náà tún bu omi sẹ́nu ẹ̀rọ. Ó jẹ ẹ̀gàn náà bí ẹni tó ń jẹ oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ sè. Ní ìdájí ọjọ́ ọdún, ó tún tan án. Lẹ́yìn ọdún, ó tún tan án. Ọjọ́ tí ẹ̀yìn ń dùn ún, ó tan án. Ọjọ́ tí òjò rọ̀, ó fi ọ̀rá bo orí, ó tan án. Kò sí ẹni tó gbé abọ́ wá. Nígbà míràn, ìtìjú á mú un débi pé á fẹ́ pa á, kí ó lọ jókòó sílé. Kò pa á.

Ó wá di àárọ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ láti bu omi, ìgbà tí ó nàró, abọ́ búlúù wà lórí pákó, òun nìkan. Ìyàwó rẹ̀ ti yí ẹ̀yìn, ó ti ń lọ sílé lọ dáná, bí gbogbo obìnrin ṣe ń ṣe. Kò dúró ṣọ́ ọ. Ọkùnrin náà lọ ẹ̀wà náà kúnná, ojú rẹ̀ sì kún fún omi tí kì í ṣe ti ata, nítorí ata kankan ò tíì kan ẹ̀rọ.

Díẹ̀ nínú àwọn yòókù padà tó bá yá. Àwọn mìíràn ò padà. Ìyá arúgbó ìdí ọsàn ò padà títí tó fi kú, nítorí ó ti ṣe ìlérí fún opó náà pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òun á ti máa lọ ata, kì í sì í ṣe ẹni tó ń fi ìlérí ṣeré. Láràárọ̀ ló ń gba iwájú Bàbá Ẹlẹ́rọ kọjá, abọ́ ata lórí. Láràárọ̀ ló ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Láràárọ̀ ni ọkùnrin náà ń dá a lóhùn, tí ó sì ń wo ilẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, o ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ìwọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo ti rí ọ tí o jókòó ti máṣíìnì ìránṣọ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì ti gbọ́ tí o fi ìyẹn yangàn. Mi ò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ kọjá láàárọ̀ yìí. Oòrùn ti gòkè. Obìnrin kan dúró níbẹ̀, aṣọ tó fẹ́ kí o rán wà nínú ọ̀rá lábíyá rẹ̀. Ó wo àgádágodo rẹ, ó wo ọ̀nà tí o máa ń gbà wá, ó tún wo àgádágodo. Mo kí i. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti ń gbèjà rẹ lọ́dọ̀ mi. Ó ní ara rẹ ni kò yá bóyá, tàbí o ti wà lọ́nà.

Mi ò sọ fún un pé mò ń bọ̀ wá bá ọ nílé. Ojú tì mí fún ọ. Dìde, wẹ ojú rẹ, kí o sì lọ jókòó ti máṣíìnì yẹn, kí ó máa ké, bóyá obìnrin náà ṣì ń tẹ́tí.